Bí Wúrà Ṣe To Irinṣẹ́ Ohùn ní Òkè Fíà

Láàárín ọdún 1993 sí 1999, ẹnikẹ́ni tó bá gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan báyìí lẹ́yìn ibùdókọ̀ Òkè Fíà, ní Òṣogbo, láti lọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní sítúdíò Ìrọ̀rùn, obìnrin kan ni yóò kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń so síkáàfù dúdú mọ́rí. Kì í sọ ju ọ̀rọ̀ tó bá yẹ lọ. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Wọ́n ń gba ohùn lọ́wọ́." Ó parí nìyẹn. Wúrà Ọdúntán ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ Iléṣà ni. Bàbá rẹ̀ ló máa ń tún dùùrù ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì àdúgbò wọn, àti kékeré ni Wúrà sì ti máa ń jókòó tì í. Bàbá á tẹ ohùn kan, á yí orí padà, á ní, "Wúrà, ṣé ó ti bọ́ sójú ẹ̀?" Bí ọmọ bá ní kò tíì bọ́ sójú ẹ̀, bàbá á tún ọwọ́ bọ inú dùùrù lọ. Kò jiyàn pẹ̀lú ọmọ náà rí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rò ó pé etí yẹn lè wúlò kọjá ẹgbẹ́ akọrin. Taipuráítà ni wọ́n ní kó lọ kọ́.

Ní ọdún 1987, ó fẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbòkun, Tíṣà Ọdúntán, ọkùnrin tó máa ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bó bá ń ronú. Ọdún méjì péré ni wọ́n lò pọ̀. Mọ́tò tí tíṣà wọ̀ láti Iléṣà kò dé Ìbòkun. Ọmọ kankan kò sì sí láàárín wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Wúrà lo oṣù mẹ́rin sí i nílé ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, Làbákẹ́, kò lé e, kò bú u, kò tilẹ̀ fojú burúkú wò ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní gbogbo àárọ̀, ìyá yìí máa ń gbé abọ́ ẹ̀kọ méjì kalẹ̀ ní pálọ̀, ọ̀kan níwájú ara rẹ̀, ọ̀kan níwájú àga tí tíṣà máa ń jókòó sí. Á mu tirẹ̀ tán, á jókòó, á máa wo èkejì. Wúrà á máa yọjú láti inú yàrá, yóò rí abọ́ òkú níwájú àga òkú, yóò sì padà sórí ibùsùn. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ìyá lọ sóko, Wúrà di ẹrù ara rẹ̀, ó wọ mọ́tò padà sí Iléṣà. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, gbogbo ayé ló ń rọ́ lọ sí Òṣogbo lọ wá iṣẹ́ ìjọba. Wúrà náà lọ. Ó kọ ìwé, ó tún ìwé kọ, kò rí èsì. Bó ṣe pàdé Alàájì Mùyídéènì Àkànó nìyẹn, ọkùnrin tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí sítúdíò, tó sì ń wá ẹni tó lè tẹ ìwé. Wúrà gba yàrá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nínú ilé tí àwọn ayálégbé yòókù ti lọ́mọ, tí ọmọ ti lọ́rẹ̀ẹ́. Wọ́n ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn. Bó bá sọ pé "ulé" bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é, wọ́n á rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn kò ní in lọ́kàn láti dùn ún. Díẹ̀díẹ̀ ó kọ́ láti máa pe "ilé" bíi tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Kọ́ọ̀bù ìrẹsì kan ló ń sè lálaalẹ́, ó sì máa ń ṣẹ́kù.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa lójúmọ́ ni Akínkúnmi, ẹnjiníà sítúdíò náà. Akínkúnmi fi ọdún méje kéré sí i, nítorí náà Sísítà Wúrà ló ń pè é. Bó bá di aago kan ọ̀sán, á bọ́ hẹ́dífóònù lórí, á jáde wá síbi tábìlì rẹ̀, wọ́n á pín ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Ọ̀rọ̀ ohùn ni wọ́n sábà máa ń sọ. "Sísítà Wúrà, ẹ gbọ́ olórin àná yẹn? Ṣé ohùn ẹ̀ ò wá já sílẹ̀ níparí?" "Láti àárín ló ti já." Akínkúnmi á rẹ́rìn-ín, á ní, "Etí yìí, ẹ fi ń jókòó sídìí taipuráítà!"

Ní 1997 ni Alàájì ra kọ̀ǹpútà fún sítúdíò. Nígbà náà, nǹkan àrà ni. Dípò téèpù ńlá tó ń yí, inú kọ̀ǹpútà lorin ń wọ̀, ojú rẹ̀ lèèyàn sì ti ń tún un ṣe. Agbára tó wà níbẹ̀ gan-an ni àwọn ohun tí wọ́n ń pè ní plọ́gíìnì, irinṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ sọ́fítíwíà orin. Ọ̀kan lè mú kí ohùn dún bí ẹni pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni wọ́n ti kọ ọ́. Òmíràn lè yọ ariwo fáànù kúrò. Òmíràn lè sọ ohùn ẹnì kan di ti ogún èèyàn. Akínkúnmi ń gbà wọ́n lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó, ó sì ń da gbogbo wọn sínú fódà kan ṣoṣo, bí ẹni da ẹrù sílẹ̀ lọ́jọ́ tó kó wọlé tuntun tí kò sì tún un tò mọ́. Mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ kò ní orúkọ tó jọ orúkọ: lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà méjì, bíi nọ́ńbà ara ọkọ̀. Kò sì dí Akínkúnmi lọ́wọ́ rárá, torí pé bí afọ́jú ṣe mọ yàrá rẹ̀ ló ṣe mọ̀ wọ́n.

Ní oṣù Kejì ọdún 1999, Akínkúnmi lọ sí Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ti jáde nínú ìwé físà tí wọ́n ń fi ìbò mú. Ó bọ Wúrà lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Sísítà Wúrà, ẹ bá mi tọ́jú kọ̀ǹpútà yẹn o," ó sì sọ̀ kalẹ̀. Wúrà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ariwo ibùdókọ̀ fi gbé e mì. Ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ra ẹ̀pà bí ìṣe rẹ̀, ó rà á fún ẹni méjì kó tó rántí.

Alàájì mú ẹnjiníà méjì wá. Èkíní ṣí fódà náà, ó wo àwọn orúkọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ó ní òun ò lè ṣiṣẹ́ nínú àkìtàn. Èkejì ṣe ọjọ́ mẹ́rin, ó lọ síbi ìgbéyàwó, kò sì padà. Ni Alàájì bá pe Wúrà.

"Mo ti rí ẹni tó fẹ́ rà á ní Ìkirun. Kọ̀ǹpútà tí kò sẹ́ni tó lè lò ó, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Wúrà kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lóṣù kan."

"Láti fi ṣe kí ni?"

"Kí n mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Alàájì wò ó bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. "Ìwọ, Wúrà? Ṣebí taipuráítà nìwọ mọ̀."

"Wọn ò bí taipuráítà mọ́ mi náà, Alàájì. Wọ́n kọ́ mi ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fún un lóṣù kan.

Wúrà ti rí bí Akínkúnmi ṣe ń ṣí sọ́fítíwíà náà, ó sì mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó tó gba ohùn. Ìyẹn kò le. Ohun tó le ni pé kò sí olórin kankan, ó sì nílò ohùn kan tí yóò máa fi dán àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí wò. Ó ronú títí, ó wá rí i pé ohùn ara òun nìkan ló wà nílẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn, ó yára wọ yàrá kékeré tí wọ́n fi páálí ẹyin bo ògiri rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Yàrá náà pa rọ́rọ́. Ariwo Òkè Fíà kò dé ibẹ̀, ìró èémí ẹni nìkan lèèyàn ń gbọ́. Wúrà dúró níwájú máìkì, kò sì rí ohun tó fẹ́ sọ. Ó ti ní in lọ́kàn láti ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni èyí: "Èmi rèé o. Mo ti dé ulé. Kò séèyàn níbẹ̀ ni?"

Nígbà tó padà sídìí kọ̀ǹpútà tó fi hẹ́dífóònù sétí, ohùn tó gbọ́ bà á lẹ́rù. Kì í ṣe ohùn tó mọ̀ ni. Ó ti gbó ju bó ṣe rò lọ, ó sì rẹlẹ̀, bí ohùn ẹni tó pẹ́ kó tó lanu. "Ulé" tó pè yẹn, ó tó ọdún mélòó tó ti pè é gbẹ̀yìn! Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé díẹ̀, ó wo àwọn tó ń wọ ọkọ̀ Ẹdẹ. Lẹ́yìn náà ó padà wá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí iná bá ti wà láàárọ̀, á ṣí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́jọ, á ki ohùn rẹ̀ bọ̀ ọ́, á gbọ́ ọ, á sì kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé. Kò mọ orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pe iṣẹ́ wọn, nítorí náà bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe ń kọ ọ́. Ti èyí, ó kọ pé: "Bí ẹni tó tẹrí ba sọ̀rọ̀ sínú kànga." Ti òmíràn: "Bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ." Ti òmíràn: "Ó yọ ìkùnsínú ẹ̀rọ amúlétutù kúrò, ohùn mọ́." Ọ̀kan wà tó kọ síwájú rẹ̀ pé: "Bí ẹni pé mo ń bínú, bẹ́ẹ̀ n ò bínú." Bí wọ́n bá mú iná lọ, á jókòó sójú kan títí wọn yóò fi mú un wá, nítorí ìgbà tí olórin bá wà nìkan ni Alàájì ń jẹ́ kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tó tó nǹkan bí ọgọ́ta, ó rí i pé wọ́n ń jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fódà kéékèèké sínú fódà ńlá náà. Ó pe ọ̀kan ní Fífọ̀, ó kó gbogbo èyí tó ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára ohùn síbẹ̀. Ó pe òmíràn ní Ilé Ńlá. Àwọn tó máa ń di ohùn mú kó má baà fò sókè jù tàbí kó rẹlẹ̀ jù, Ìjánu ló pè wọ́n, torí pé bí wọ́n ṣe ń kó ẹṣin níjàánu ló ṣe gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà kò gba àmì ohùn, nítorí náà orúkọ wọ̀nyí wà níbẹ̀ ní ìhòòhò, láìní àmì kankan. Èyí tí kò yé e, ó kó wọn sínú fódà tó pè ní N Ò Mọ̀. Ìyẹn ló kún jù.

Lọ́jọ́ kan, sọ́fítíwíà náà kọ̀ kò ṣí mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú, ó dúró gbagidi. Ó pa á, ó tún un tàn, bákan náà ni. Kò sẹ́ni tó lè pè. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn tó kó kẹ́yìn padà síbi tó ti mú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dán an wò lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kẹtàdínlógún ni sọ́fítíwíà tó ṣí. Irinṣẹ́ kan ló fà á: fáìlì kékeré kan wà tó ń bá a rìn, Wúrà sì gbé irinṣẹ́, ó fi fáìlì sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀méjì: "Ẹ má ṣe yà wọ́n."

Ó ku bí ọjọ́ márùn-ún kí oṣù pé nígbà tó kan ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú N Ò Mọ̀. Ó ki ohùn rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fi hẹ́dífóònù sétí. Ogún Wúrà ló sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan wà lápá ọ̀tún, àwọn kan lápá òsì, àwọn kan ń pẹ́ díẹ̀ bí èrò tó ń bọ̀ lọ́nà: "Èmi rèé o. Mo ti dé ulé. Kò séèyàn níbẹ̀ ni?"

"Èèyàn wà ńbẹ̀," ni Wúrà dáhùn.

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú yàrá, ojú tì í, ó yára wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan. Ó bọ́ hẹ́dífóònù, ó gbé orí lé tábìlì, ó sì sunkún bí kò ti sun rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú tíṣà wálé. Lẹ́yìn náà ó nu ojú. Ó ṣí fódà tuntun kan, ó kọ Èrò síbẹ̀, ó gbé irinṣẹ́ náà sí i.

Nígbà tí oṣù pé, Alàájì gòkè wá. Wúrà ní kó wọ yàrá, kó sọ ohun tó bá wù ú. Alàájì wúkọ́, ó ní, "Àsàláámù àlékùn, èmi Mùyídéènì ni mò ń sọ̀rọ̀." Nígbà tó jáde, Wúrà bi í pé, "Níbo lẹ fẹ́ kó ti dún?"

"Mọ́ṣáláṣí ńlá. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀."

Wúrà ṣí Ilé Ńlá, ó mú ọ̀kan. Alàájì fi hẹ́dífóònù sétí. Ó gbọ́ ọ, ó pa ojú dé. Nígbà tó là á, ó béèrè pé, "Ta ló kọ́ ọ?"

"Mo kàn ń gbọ́ wọn ni, lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ó ku mọ́kànlá tí kò tíì yé mi."

Alàájì dìde. "Bá mi pe ọkùnrin Ìkirun yẹn. Sọ fún un pé mi ò tà mọ́."

Báyìí ni Wúrà ṣe di ẹnjiníà. Àwọn olórin kan rí i, wọ́n padà sẹ́yìn. Àwọn mìíràn jókòó, wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn bá jáde, wọn kì í lè sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kẹfà, bọ́ọ̀sì kan kó àwọn obìnrin méjìlá wá láti Ìbòkun, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n fẹ́ gba orin ẹ̀mí sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Wúrà ti rí orúkọ ìlú náà láti òwúrọ̀ nínú ìwé àwọn tó ń bọ̀ wá gba ohùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí wọn bí wọ́n ṣe ń gòkè. Ẹni tó gbẹ̀yìn ń fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn, ó ń wúkọ́, Wúrà sì mọ ikọ́ náà kó tó rí ojú. Ìyá Làbákẹ́ ni, ìyá ọkọ rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. Ìyá náà dúró lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹ.

"Wúrà."

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá."

"Ọjọ́ mẹ́ta kọ́. Ọdún mẹ́wàá ni." Ìyá wo àwọn obìnrin yòókù, ó ní, "Dìde ńlẹ̀. Iṣẹ́ la bá wá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wúrà gbé máìkì kan síwájú àwọn tó dúró, ó gbé èkejì síwájú àwọn àgbà méjì tó jókòó. Orin náà dùn, àmọ́ ohùn Ìyá Làbákẹ́ ń pẹ́ lẹ́yìn àwọn yòókù díẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n sinmi, olórí wọn, Ìyá Béjidé, wá bá Wúrà, ó sọ ọ́ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa yọ ohùn Màmá kúrò? Ẹ rí i pé ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má mọ̀ o."

Ó ṣeé ṣe. Kò ju kí Wúrà rẹ máìkì kejì sílẹ̀ lọ. Ó gbọ́wọ́ lé e, ó gbọ́ ohùn arúgbó náà lóun nìkan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí Ìjánu, ó mú èyí tó rọ̀ jù níbẹ̀, ó fi di ohùn náà mú kó má gbọ̀n sókè sódò. Ó mú ọ̀kan nínú Ilé Ńlá, ó fún un láyè díẹ̀, ó wá tẹ́ ẹ sábẹ́ ohùn gbogbo àwọn yòókù bí ẹni tẹ́ ẹní. Nígbà tí Ìyá Béjidé gbọ́ orin náà, ó mi orí, kò sì sọ̀rọ̀ yíyọ mọ́. Ohùn arúgbó náà ló wá dà bí ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé.

Àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi. Ìyá Làbákẹ́ kò lè sọ̀ kalẹ̀ kó tún gòkè, nítorí náà ó jókòó. Wúrà fi hẹ́dífóònù sí i létí, ó jẹ́ kó gbọ́. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó jẹ́ kó wà létí fún ìgbà díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan tó ń dún nínú rẹ̀ mọ́.

"Mo ti ń rò ó láti ọdún mẹ́wàá," ni ìyá wí, "pé kí ni mo ṣe tó lé ọ lọ."

"Ìyá, ẹ ò lé mi."

"Kí ló wá dé? Ẹni tí wọn ò lé, ṣé kì í dágbére?"

"Abọ́ yẹn ni. Abọ́ ẹ̀kọ kejì tí ẹ máa ń gbé síwájú àga tíṣà láàárọ̀. Mi ò lè máa wò ó."

Ìyá yí ojú sí i. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. "Ta lo rò pé mo ń gbé e kalẹ̀ fún?"

"Fún tíṣà, Ìyá."

"Ṣé òkú ń mu ẹ̀kọ ni, Wúrà? Ìwọ ni mo ń gbé e kalẹ̀ fún. O ò jáde láti yàrá, o ò jẹun. Mo ní bóyá bó o bá jókòó lórí àga ọkọ rẹ, ara á tù ọ́. Màá jókòó, màá máa retí ẹ títí ẹ̀kọ á fi tutù."

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ohun tí èèyàn lè tún gbà padà kó tún un kọ bí orin. Wúrà di ọwọ́ ìyá mú, ìyá sì jẹ́ kó dì í mú, títí wọ́n fi gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn obìnrin lórí àtẹ̀gùn.

Kásẹ́ẹ̀tì náà jáde ní oṣù Kẹjọ, ó sì tà káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Alàájì ní kí wọ́n tẹ orúkọ ẹnjiníà sẹ́yìn rẹ̀: W. Ọdúntán. Ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá láti Iléṣà, láti Ìpetu, wọ́n á dúró níwájú tábìlì rẹ̀, wọ́n á ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ọdúntán la wá rí." Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, ó ṣe Wúrà bí ẹni pé kó ní Ọ̀gbẹ́ni náà wà nínú. "Èmi ni ẹ wá rí," ló sọ. "Ẹ jókòó."

Ní oṣù Kẹsàn-án, ní ọ̀sán kan, tẹlifóònù dún. Akínkúnmi ni, láti Amẹ́ríkà.

"Sísítà Wúrà! Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wà nídìí kọ̀ǹpútà. Báwo lẹ ṣe ń rí nǹkan mú nínú pàǹtírí tí mo fi sílẹ̀?"

"Mo ti tò ó sínú fódà."

"Fódà wo?"

Ó ka orúkọ wọn fún un. Akínkúnmi rẹ́rìn-ín ní Ìjánu, ó rẹ́rìn-ín ní N Ò Mọ̀. Nígbà tó dé Èrò, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan."

Wúrà fa okùn tẹlifóònù dé ibi tó lè dé, ó na ẹnu tẹlifóònù sí ibi tí orin ń gbà jáde, ó fi orin àwọn obìnrin Ìbòkun sí i. Nígbà tó gbé e padà sétí, ó gbọ́ èémí Akínkúnmi.

"Níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí ni mo ti ń ṣiṣẹ́," ni Akínkúnmi wí. "Mi ò tíì fọwọ́ kan orin láti ìgbà tí mo ti dé ibí. Sísítà Wúrà, ibí yìí tutù, kò sì sí..." Káàdì tó fi ń pè tán. Tẹlifóònù ń dún pépépé. Wúrà dì í mú fún ìgbà pípẹ́, bóyá yóò tún pè. Kò pè mọ́ lọ́dún náà.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, Wúrà wọ mọ́tò lọ sí Ìbòkun. Ó ra búrẹ́dì àti tíì dání. Ìyá Làbákẹ́ ti ń ṣàìsàn, wọ́n ti gbé ibùsùn rẹ̀ síwájú fèrèsé. Àwọn ẹbí kí Wúrà dáadáa, wọ́n fún un lóúnjẹ, àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ń wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ìyá bi í bóyá iṣẹ́ ń lọ. Ó ní ó ń lọ. Ìyá ní ìyẹn dára. Lẹ́yìn náà oorun gbé ìyá lọ, Wúrà sì jókòó tì í, ó ń lé eṣinṣin fún un.

Ó rìn dé ibojì tíṣà lẹ́yìn ilé, ó tu koríko ibẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ìyá kò tíì jí. Ó lè sun ibẹ̀ mọ́jú, wọ́n tilẹ̀ ti tẹ́ ẹní fún un. Ṣùgbọ́n àwọn akọrin kan ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ́jọ́ kejì, ó sì ti ṣèlérí fún wọn. Ó dágbére fún gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá lórí aṣọ, ó jáde sójú títì. Mọ́tò Òṣogbo kan ń bọ̀ tí èrò kan péré wà nínú rẹ̀. Ó dá a dúró, ó wọlé, ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé.